Lubabah Méjì Lójú Kọ̀ǹpútà Jàrátù

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Jàrátù fi to káàdì aláìsàn ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òmù-Àrán, kò ṣi káàdì mú rí. Ìgbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé ni ẹ̀rù wọ̀ ọ́ lára. Bó bá ti ṣí ètò tí wọ́n fi ń wá orúkọ, fèrèsé kékeré kan ni yóò yọ, tí yóò gé ìdajì ohun tí a kọ dànù. Uwais tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti ní kó máa tẹ àmì igun òkè kí fèrèsé náà lè gbòòrò. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, èrò pọ̀, ó gbàgbé.

Obìnrin kan dé, ó ní Lubabah Jùbrílù lòun ń jẹ́. Jàrátù rí orúkọ náà, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ó ní kó mú un lọ bá dókítà.

Ẹ̀yìn èrò márùn-ún ló tó rántí fẹ fèrèsé náà. Lubabah Jùbrílù méjì ló wà níbẹ̀! Ti ará Òkè-Onígbìn ló tẹ̀ jáde. Níwájú orúkọ ti ará Ìjàrà-Ìsin, lápá ọ̀tún tí fèrèsé gé kúrò, wọ́n kọ ọ́ pé: ara rẹ̀ kò gba pẹnisílìnì.

Ó fò dìde, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò yà mú un, ó sáré wọ yàrá abẹ́rẹ́.

"Nọ́ọ̀sì Rúùtù! Ẹ má gún un!"

Rúùtù ti fa pẹnisílìnì sínú abẹ́rẹ́, ó ń fi òwú nu ara obìnrin náà. "Kí ló dé, Mọ́mì?"

Obìnrin náà ni Jàrátù kọjú sí. "Ọmọ mi, níbo lo ti wá?"

"Ìjàrà-Ìsin ni, mà."

Rúùtù rọra gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Jàrátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án, Uwais dé. Ó tẹ apá ọ̀tún máòsì lórí àmì ètò náà, ó yan Properties, ó yí ibi tí wọ́n kọ Run sí padà sí Maximized, kí fèrèsé náà lè máa gbòòrò látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún ṣí i, ó kún ojú kọ̀ǹpútà bámú.

"Bí yóò ṣe máa ṣí fúnra rẹ̀ nìyí, Mọ́mì."

"Bí iná bá lọ ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

"Tún ṣí i kí n rí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ní kó ṣí i. Síbẹ̀, odidi oṣù kan ló fi ń bi aláìsàn kọ̀ọ̀kan léèrè ìlú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ń bínú. Kò yéé bi wọ́n.