Ìṣó Olórùka Ojú Àpáta

Wẹ́dà ni ọkọ mi. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, irin ló ń jó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù; tó bá di Sátidé, àpáta inú ọgbà ìjọba lórí òkè ló máa ń lọ gùn. Onínúfùfù ni. Ó ti fi èjìká já ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa rí nítorí pé kọ́kọ́rọ́ há, òun náà ló tún un ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, orí mi ló mọ ìdí.

Ẹnikẹ́ni kì í kan ìṣó mọ́ àpáta yẹn; òfin àwọn tó ń gùn ún ni pé bí wọ́n ṣe bá a ni kí wọ́n fi í sílẹ̀. Irin pẹlẹbẹ lẹni tó ń gòkè máa ń há sínú ojú ibi tó là, á fi okùn kọ́ ọ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e á yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Kí ẹsẹ̀ sì tó kúrò nílẹ̀, ẹni tó máa di okùn mú nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kókó okùn tó wà níbàdí ẹni tó ń gòkè, kó fà á lẹ́ẹ̀mejì, kó mọ̀ bóyá ó so dáadáa. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, a débẹ̀, a bá àbúrò mi ọkùnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ tòun ti òòlù. Ó ti kan ìṣó ńlá olórùka kan mọ́ ojú àpáta, níbi tó ga tó ilé alájà mẹ́rin.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú," ó ní. "Ibẹ̀ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹ̀mí ò láàrọ̀."

Ẹ̀ṣẹ́ lọkọ mi fi dá a lóhùn. Eyín méjì fò sínú koríko. Kó tó dìde, ẹ̀ṣẹ́ kejì ti dé, ẹ̀kẹta ti dé. Mo fò mọ́ ọkọ mi lẹ́yìn, mo gé e jẹ léjìká.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? Ọmọ ìyá mi lẹ fẹ́ pa yẹn!"

Ó gbọ̀n mí dànù. Ó já òòlù gbà, ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó ń ṣépè, ó sì dojú kọ àpáta láti lọ tu ìṣó náà. Mo di okùn mú, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan kókó. Eyín àbúrò mi tí mo ṣà nílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ó débẹ̀, ó há irin sókè orí, ó fi okùn kọ́ ọ, ó wá ń lu ìṣó ní àlùbolẹ̀. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di òòlù mú, ó pariwo: "Fà á le!"

Mo fà á. Okùn náà yọ̀ kúrò níbàdí rẹ̀ bí okùn bàtà tí wọn ò so.

Ọkọ mi já bọ́. Ìka rẹ̀ kan há sínú òrùka ìṣó náà, òun ló sì gbé e dúró. Mi ò gbọ́ irú igbe yẹn rí. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí òkúta níwájú mi. Bí ìka yẹn bá já pẹ́nrẹ́n, mo di opó nìyẹn.

Àbúrò mi ti gbé okùn kejì, ó sáré gba ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn gòkè. Orí àpáta ló ti sọ̀ kalẹ̀ bá a. Ó so okùn mọ́ ìbàdí ẹni tó fọ́ ọ lẹ́nu, ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó ní: "Bọ̀dá, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ọkọ mi fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹkún ló ń sun.

Ìka náà ò bá wa délé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í pé ìgbà wo ló máa padà lọ tu ìṣó yẹn, á ní ó dọ̀la. Èmi o, wọ́n kàn ń pẹ̀tù sí mi nínú ni, pé ìpayà ni kò jẹ́ kí n rántí kókó. Mo rántí. Mo wò ó, mo rí i pé kò so dáadáa, mo sì panu mọ́.