Ìwé Ìdájọ́ Tí Mo Tà

Àwa tí à ń tọ́jú ìwé fún àwọn lọ́yà mọ̀ pé ìwé ìdájọ́, èyí tí wọ́n ń tẹ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ sí, kì í wá lódindi. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde, pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ìwé àdúrà. Bí ọdún bá parí, màá to gbogbo rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, màá gbé e lọ sí Ṣómólú, sọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń rán wọn pọ̀, tí á fi awọ pupa bò wọ́n. Ará Ìlàjẹ ni. Ó ní àwọ̀n ni bàbá òun kọ́ òun ní rírán, òun wá ń fi ọwọ́ kan náà rán òfin. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi gbé iṣẹ́ fún un, kò sí ojú ewé kan tó dorí kodò rí.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá wa sanwó kí a lè máa ka ìdájọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn lọ́yà ò wọ yàrá mi mọ́. Wọ́n á tẹ orúkọ ẹjọ́ sórí fóònù, ìdájọ́ á yọ. Mi ò ní purọ́, ó yá jù mí lọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí. Ọ̀gá ní kí n ta ìwé ọdún méjì tí a kò tíì dì, kí àyè lè gba tábìlì. Mo pe àwọn tó ń ra ìwé àlòkù, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n kó o lọ.

N kò sọ fún bàbá. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sá fún ojú rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá pè, màá ní a ṣì ń tò ó. Èmi tí mo máa ń bú àwọn lọ́yà pé wọ́n ń purọ́, ẹ wá wo èmi náà.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí pé kí n wá kíá, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dé ìsọ̀ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ká aṣọ kúrò lórí tábìlì. Ìwé ọdún méjèèjì ló wà níbẹ̀, awọ pupa, orúkọ ọ́fíìsì wa lára wọn ní lẹ́tà wúrà.

"Ọmọ mi, olè ti wọ láìbìrì yín," ó rọra sọ. "Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé fún onísuyà ni mo ti rí òǹtẹ̀ yín. Mo ti rà wọ́n padà. Tètè gbé wọn lọ kí wọ́n tó lé ọ lẹ́nu iṣẹ́."

Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo tà wọ́n."

Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

"Ṣé iṣẹ́ mi ni kò dára mọ́ ni?"

Mo ní rárá, kọ̀ǹpútà ni. Mo ṣàlàyé títí, ó ń mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò gbà mí gbọ́. Ẹni tó ti ń purọ́ fún un láti ọjọ́ yìí, báwo ló ṣe fẹ́ gbà á gbọ́? Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, ó ṣí i, ó sì ń fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀, ó ń wá ibi tí ọwọ́ òun ti kùnà.