Ìwé Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Iwájú Orí Ọmọ Mi

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ, ọmọ mi, ni.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìrọ̀lẹ́ tán nínú agboolé wa ní Ìdí Arẹ́rẹ̀. Ọmọ mi tẹ̀ba láti ká ẹní, ó wó lulẹ̀ gbì. Kí n tó dé ibẹ̀, kò mí mọ́. Ìyá rẹ ti kúnlẹ̀ tì í, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé e láyà, ó ní wọ́n kọ́ àwọn níbi iṣẹ́ pé àyà ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Mọ́gàjí agboolé wa, ló jágbe mọ́ ọn. "Ó" ni kí o kọ fún un o, má kọ "wọ́n".

"Ìyàwó, gbọ́wọ́ kúrò! Ẹ gbé e jókòó! Òkú ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀!"

Mọ́gàjí ti sọ̀rọ̀, ta ni yóò já a nírọ́? Wọ́n fẹ̀yìn ọmọ mi ti ògiri, wọ́n da omi tútù lé e lórí, wọ́n ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, gbogbo agboolé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ ṣubú sáyà. Bí a ṣe wà nìyẹn títí a fi rí ọkọ̀, ọkọ̀ náà tún há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Bẹẹrẹ.

Wọ́n jí ọkàn rẹ̀ ní ọsibítù. Mo ní Alihamudulilahi. Dókítà, ọmọbìnrin kan báyìí, ní, "Màmá, ẹ má tíì yọ̀. Ọkàn ti ń lù, ọpọlọ ló kù." Ó lẹ ìwé pẹlẹbẹ kan mọ́ iwájú orí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá ìforíkanlẹ̀, wáyà ti ara rẹ̀ wọnú ẹ̀rọ tó ń yọ nọ́mbà. "Òun ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dé ọpọlọ wọn sí. Tó bá gòkè, ìrètí ń bẹ. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ la ó wò."

Èmi tí n kò mọ̀wé, mo wá di ẹni tó ń ka nọ́mbà. "Nọ́ọ̀sì, ó ti gòkè?" "Ó wà níbi tó wà, Màmá." Ẹ̀rọ tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ò tó ọmọ mi, kò lè bù díẹ̀ fún un!

Mọ́gàjí gbé omi wàláà wá, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì tí wọ́n kọ. Ojú rẹ̀ ni mo ti bi dókítà pé kí ló fi afẹ́fẹ́ du ọpọlọ ọmọ mi.

"Ìgbà tí ọkàn fi dúró tí ẹnikẹ́ni ò tẹ àyà ni. Ṣé ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀?"

Mo yíjú sí Mọ́gàjí. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. "Kádàrá ni," ó ní.

Kádàrá! Ṣé kádàrá ló ní kí ìyàwó gbọ́wọ́ kúrò?

Nọ́mbà ò gòkè. Àyẹ̀wò tó kù ò sọ ohun mìíràn. A sin ín. Níbi àdúà, Mọ́gàjí ní agboolé sa gbogbo ipá rẹ̀, wọ́n ṣe àmín. Èmi ò ṣe é.

Lóṣù tó kọjá, òòyì gbé Mọ́gàjí ṣubú nínú agboolé, níbi tí ọmọ mi wó sí náà. Wọ́n sáré fẹ́ gbé e jókòó. Mo kígbe pé kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tèmi. Ìyá rẹ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ìgbà tó ṣe, ó lajú.

"Ta ló tẹ́ mi sílẹ̀ bí òkú?"

"Èmi ni," mo ní. "Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ alààyè sílẹ̀ nìyí."

Ìyá rẹ, tí Mọ́gàjí ní kó gbọ́wọ́ kúrò láyà ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́sí, ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé lọ.