Ṣé Àwọn Ẹlẹ́ṣin Ti Lọ?

Mi ò mutí rí láyé mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kẹ́nikẹ́ni má baà wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Tíṣà ni mí l'Ọ́fà, ọ̀sán gangan sì lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Òkè kan wà lẹ́yìn oko àwọn ará Ojoku. Ibẹ̀ làwọn ará àtijọ́ ń sá sí nígbà ogun, báwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin bá ya wọ̀lú. Odi tí wọ́n mọ yí orí òkè náà ká ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ ti wó lápá kan. Èmi àti Mummy Délé, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń kọ́ni, ní àfi ká lọ wò ó. Bàbá Àkànní, ọdẹ ará Ojoku, ló mú wa lọ.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lọ́jọ́ náà! Ẹ̀ka igi já wíìgì Mummy Délé gbà, Bàbá sì ní òun ti fẹ́ yìnbọn sí i, òun ṣe bí ẹran ni. Nígbà tá a dé àárín ọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi jókòó gbì sórí àpáta.

"Ẹ máa lọ o. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀run, ẹ bá mi kí wọn."

Bàbá dúró tì í. Èmi nìkan ni mo gòkè.

Bí mo ṣe wọnú odi, mo rí ìyá kan tó jókòó sídìí ògiri, tó ń bó ẹ̀gúsí. Kíjìpá ló ró. Mo rò pé ará oko ni. Mo kúnlẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

Ó na ọrùn sí mi, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ṣé àwọn ẹlẹ́ṣin ti lọ?"

Ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé àwàdà ni. Èmi náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ti lọ, ìyá. Ó ti pẹ́ gan-an."

Ojú ìyá náà là rekete. Ó dìde, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ jáde o! Wọ́n ti lọ!"

Mi ò rí ẹnì kankan. Àmọ́ mo gbọ́ wọn. Ẹsẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹ̀rín àwọn ọmọdé, igbe ewúrẹ́. Wọ́n ń rọ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ọwọ́ kékeré kan tiẹ̀ di ìka mi mú, ó gbóná, ó sì jù ú sílẹ̀. Koríko ń tẹ̀ lulẹ̀ fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ òkè.

Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, ìyá ò sí mọ́. Èèpo ẹ̀gúsí nìkan ló kù nílẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Mummy Délé ní òun ò rí nǹkan kan, àfi pé ẹnì kan rẹ́rìn-ín sí òun létí. Bàbá ti ṣí fìlà.

"Kí lo sọ fún wọn?"

Mo sọ fún un. Ó mi orí.

"Bí ìyá yẹn bá bi àwọn bàbá wa, wọ́n máa ń ní àwọn ò mọ̀ ni. Ilé tí wọ́n sá kúrò níbẹ̀ yẹn, àwa la ń gbé inú ẹ̀ báyìí."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá pè mí lórí fóònù. Ó ní àwọn ń gbọ́ tí wọ́n ń gúnyán lẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ inú ilé lodó wà. Ó ní kò tíì burú, inú wọn ń dùn ni, ariwo wọn ló kàn pọ̀.

"Ṣùgbọ́n tíṣà, bí wọ́n bá ní ká kó jáde fún wọn ńkọ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, bẹ́ ẹ bá gun òkè kan, tẹ́ni tẹ́ ò mọ̀ rí bi yín bóyá ewu ti kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ ò mọ̀.