Ọ̀sán Tí Ìyá Àmínà Sá Wọ Àká Wa

Bí mo bá ti gbóòórùn iṣu gbígbẹ, ọ̀sán kan láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà ni ọkàn mi máa ń lọ. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ.

Ìyá Àmínà, ará orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, sáré wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Màmá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tì wọ́n sínú àká tí a ń kó iṣu gbígbẹ sí, ó sì fi ẹní dí ẹnu ọ̀nà. Ó wò mí lójú, ó ní, "O ò rí ẹnì kankan."

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin dé pẹ̀lú igi àti òkúta lọ́wọ́. Àbúrò bàbá mi ló jókòó níwájú àká. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n lé òun àti gbogbo ará ilẹ̀ wa tó wà ní Nìjẹ̀ wálé, ẹ̀wù kan ṣoṣo lọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "àwọn èèyàn ìyá alálùbọ́sà yẹn ló lé yín bí ẹni lé ajá. Ibo ló wọlé sí?"

Mo gbọ́ tí ọmọ náà wúkọ́ nínú àká.  Ni àbúrò bàbá mi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Eruku ọ̀nà ni," ó ní. "Ẹ lọ wá a lọ́nà Glazoué."

Wọ́n lọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀yìn àpò ọkà obìnrin ará Nìjẹ̀ kan ní Niamey, olú ìlú wọn, ni àbúrò bàbá mi náà sá pamọ́ sí fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí wọ́n ń lé wọn.

Màmá bu omi fún un. Kò mu ún, ó na igbá náà padà sí i.

"Ìyàwó wa," ó ní, "kọ́kọ́ fún ọmọ inú àká yẹn."