Ìkíni Tí Wọ́n Fi Ìgbátí Dáhùn

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ẹniọlá, ti Tọ́kì wá sílé wa ní Ladi-Lak ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé, nítorí inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kò tíì rọ̀.

Ìsítáńbùlù ni wọ́n bí Ẹniọlá sí, èdè Tọ́kì nìkan ló sì gbọ́. Bàbá rẹ̀ ṣì ń já ẹrù níta nígbà tí ọmọ náà sáré wọ pálọ̀, tó lọ bá Ìyá wa lórí àga. "Babaanne!" ló pè wọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá bàbá ẹni lọ́hùn-ún nìyẹn. Ó fẹnu ko ọwọ́ wọn, ó sì gbé e kan iwájú orí ara rẹ̀.

Àfi gbàù! Àǹtí Mojí, àbúrò Ìyá wa, ti fọ́ ọmọ náà létí.

"Ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́! O ò lè kúnlẹ̀ ni?"

Ọmọ bú sẹ́kún. Ó ń ṣàlàyé lédè rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo jágbe mọ́ Àǹtí Mojí.

"Àǹtí, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbẹ̀ nìyẹn! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo fíìmù Tọ́kì lójoojúmọ́!"

"Ṣé Tọ́kì la wà ni?"

Ìyá wa ò pariwo. Wọ́n tún na ọwọ́ sí Ẹniọlá, ó sì tún kí wọn. Wọ́n wá yíjú sí àbúrò wọn.

"Mojí, ìwọ tó o mọ ìkúnlẹ̀, láti àárọ̀ tó o ti jí nínú ilé yìí, ṣé o kí mi?"

Àǹtí kúnlẹ̀, wọ́n kí Ìyá wa. Ṣùgbọ́n wọn ò bẹ ọmọ náà títí tó fi padà sí Tọ́kì. Báwo ni inú mi ṣe fẹ́ rọ̀?