Bí Àmúsà Oníbúlọ́ọ̀kù Ṣe Di Baálẹ̀ Ọgbà

Àmúsà oníbúlọ́ọ̀kù kò kórìíra koríko o, ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Ó kàn jẹ́ pé níbikíbi tó bá ti rí koríko, simẹ́ǹtì ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Èkó nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó kọ́ṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ní Òkè-Odò, ó sì wá dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìgàndò, lẹ́bàá títì. Ilé tó kọ́ níbẹ̀, ẹ ò lè rí ilẹ̀ pupa nínú àgbàlá rẹ̀, kọnkéré ló fi dí gbogbo rẹ̀ pa. Ràbíátù ìyàwó rẹ̀, tó fẹ́ràn ata tútù, inú garawa ọ̀dà ló ń gbin tirẹ̀ sí lẹ́yìn ilé adìẹ, bí ẹni tó ń fi ẹrù òfin pamọ́.

Ìgbà tí wọ́n fi Àmúsà ṣe alága ẹgbẹ́ òbí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wọn ni ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Gbogbo alága tó ti ṣe é ṣáájú rẹ̀ ló ní ohun tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Ọ̀kan gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára táǹkì. Ọ̀kan ṣe géètì, orúkọ tirẹ̀ sì tóbi ju ti ilé-ìwé fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Àmúsà dé ọkàn. Kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, ó sì wù ú gidigidi kí orúkọ òun wà ní ilé-ìwé kan kí òun tó kú.

Ibi kan ṣoṣo tó ṣófo lójú rẹ̀ níbẹ̀ ni ọgbà ọ̀gbìn tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní òun yóò to búlọ́ọ̀kù ìńtálọ́ọ̀kì sílẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn olùkọ́ lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Páákì Alága Àmúsà! Ó ti ń rí àkọlé náà lójú oorun. Hẹ́dìmásítà gbà, àwọn tíṣà tó ní mọ́tò pàtẹ́wọ́. Susanna nìkan ló yarí, tíṣà kíláàsì kẹrin, nítorí òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń ro ọgbà náà.

"Ibo ló ṣófo, sà?" ni Susanna wí. "Ẹ ò tíì débẹ̀ rí ni. Ẹ wá bá wa jókòó níbẹ̀ lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó da yanrìn lé e."

Àmúsà gbà, kí wọ́n má baà sọ pé ó le. Àmọ́ kó tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti pe Báyọ̀ onítípà pé kó máa gbé yanrìn bọ̀.

Ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ òrùn. Àwọn ọmọ ń fi okùn wọn ebè, wọ́n ń ṣe ìṣirò lórí rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ kan láti àdúgbò wọlé wá já efinrin fún inú rírun, ó kí wọn, ó bomi rin ẹ̀fọ́ díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló wá ṣe. Àmúsà ń wò, ó ń yán. Ooru mú un, ló bá ṣí fìlà, ó ń fi í fẹ́ra.

Susanna wá ní kí oníkálukú já ewé kan wá, kó dárúkọ rẹ̀, kó sì fi ohun tí wọ́n ń fi í ṣe han kíláàsì. Olúwaníyì mú ewé eépín, ó fi ha ìdí ìkòkò dúdú kan títí ó fi dán. Fàdìlàt fi ewé gbòdògì pọ́n òkúta bí ẹni pọ́n mọ́ínmọ́ín, ó sì ní kí Alága jẹ ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ó kan Hamdalah, ọmọ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ara igi tí wọ́n fi sọgbà yí ebè ká ló ti já ewé tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọgbà náà, igi tútù ni wọ́n gé rì mọ́lẹ̀. Igi náà ò mọ̀ pé wọ́n ti gé òun, ló bá rúwé.

"Akòko rè é," ni Hamdalah wí. "Òun ni wọ́n fi ń fini joyè."

"Ó dáa, fi hàn wá," ni Susanna dáhùn.

Hamdalah wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá orí tó yẹ. Ó yí sẹ́yìn Àmúsà, ó sì rọra fi ewé náà lé e ní àárín orí, níbi tó pá.

"A fi yín jẹ Baálẹ̀ Ọgbà! Kẹ́ ẹ pẹ́ lórí oyè o!"

Àwọn ọmọ hó yèè. Àwọn ọkùnrin inú wọn dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè.

Àmúsà kò mira. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó fi akòko lé ewúrẹ́ ìyá ìyá rẹ̀ lórí rí. Ìyá àgbà nà án dáadáa, ó sì yarí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ewúrẹ́ náà mọ́, ta ló ń pa olóyè jẹ? Ọjọ́ ogbó ló pa ewúrẹ́ náà.

"Ẹ gbọ̀n ọ́n nù, sà," ni Susanna wí, ẹ̀rù ti ń bà á. "Ẹ má bínú, eré ọmọdé ni jàre."

"Má fọwọ́ kàn án!" Àmúsà di orí mú. "Ẹni tó bá gbọn ewé oyè nù, ó ti rọ ara rẹ̀ lóyè nìyẹn. Ta ló ń rọ ara rẹ̀ lóyè lọ́jọ́ tó jẹ ẹ́?" Ó yíjú sí Hamdalah. "Ọgbà wo lẹ ní mo jẹ Baálẹ̀ rẹ̀ ná?"

"Èyí, sà. Tiyín ni gbogbo rẹ̀. Ata, ewúro, àti ìgbín tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wa."

Inú Àmúsà dùn débi pé ojú tì í. Ó rántí páákì rẹ̀, inú náà tún bàjẹ́ díẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fèrè típà fi dún. Báyọ̀ ti ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wá sí ẹnu ọgbà, yanrìn kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bámúbámú. Gbogbo ọmọ yíjú sí Àmúsà. Ó dìde, ó wọ́ agbádá lọ síwájú ọkọ̀.

"Ta ló ní kó o gbé yanrìn wá síbí?"

"Ha! Alága, ẹ̀yin náà ni now! Ṣebí ẹ pè mí láàárọ̀ yìí?"

"Alága ló pè ọ́. Baálẹ̀ lò ń bá sọ̀rọ̀. Gbé yanrìn rẹ padà."

Báyọ̀ yọrí síta, ó fẹ́ jà. Ló bá rí ewé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni òun náà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Akòko nìyẹn. Ta ló fi yín joyè?"

Àmúsà na ọwọ́ sí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, àwọn tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà láyà aṣọ wọn.

"Ìlú ni," ó wí.

Báyọ̀ wo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ bàtà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.